Irin Wẹ́wẹ́ ní Apá Òsì

Kò sí télọ̀ tó mọ obìnrin wọ̀n bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Bí o bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti mọ iye tí ìdí rẹ jẹ́ kó tó fọwọ́ kan téèpù. Èmi àbúrò rẹ̀ ni mo ń bá a gé aṣọ. Ogún ọdún nìyí, kò sì yìn mí rí, àfi ìgbà kan tí mo ṣàìsàn tí ẹlòmíràn bá a ba aṣọ mẹ́ta jẹ́.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó fi kọ́tìnnì dí. Ibẹ̀ ló ti ń wọn àwọn obìnrin, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bọ́ṣọ, tí wọ́n sì ń sọ ohun tí wọn kò sọ fún ọkọ wọn. Ó ti rí àpá níbẹ̀, ó ti rí oyún tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀, ó ti rí ojú ìgbànú lẹ́yìn ìyàwó ènìyàn ńlá. Kò sí èyí tó jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìwé ìwọ̀n rẹ̀ pàápàá kò ní orúkọ ẹnì kankan nínú, ìnagijẹ ló ń kọ síbẹ̀: Ẹlẹ́sẹ̀-Gígùn, Má-Fún-Mi, Ológbò. Bí mo bá bi í pé ta ni Ológbò, á yínmú sí mi, á ní kí n gbájú mọ́ àlùmọ́gàjí mi.

Tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù náà, àdúgbò kejì ló wà nítorí pé ibẹ̀ láàyè. Láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wá fún mi ní ìwọ̀n. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, ó ń fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi.

Ó yẹ kí n sọ ti àbúrò wa. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnì kan gbé báàgì sílẹ̀ ní gáréèjì, ó bá tirẹ̀ lọ, báàgì náà sì bú gbàmù. Àbíkẹ́yìn ìyá wa wà níbẹ̀, ó ń lọ bá wa ra bọ́tìnnì. Bàtà rẹ̀ ẹyọ kan ni wọ́n kọ́kọ́ mú wá fún wa. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba ṣòfin pé àwọn lè máa ka ohun tí aráàlú ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan pariwo títí ohùn wọn fi há. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ìjọba yáa máa kà á lọ, ó ní ká ní wọ́n ti ń kà á tẹ́lẹ̀ ni, àbúrò òun ì bá wà láyé. Mi ò lè bá a jiyàn. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni bàtà yẹn wà.

Ní ọjọ́ kan tí mo kó iṣẹ́ wá, mo bá a tó ń sọ ọ̀rọ̀ yìí kan náà fún oníbàárà rẹ̀ kan, olùkọ́ ilé ìwé tí gbogbo wa ń pè ní Tíṣà. Jẹ́jẹ́ ni obìnrin náà, o ò ní gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó dé ẹ̀gbẹ́ rẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kí wọ́n ka tèmi tọ̀sán-tòru. Kí ni wọ́n fẹ́ bá níbẹ̀?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àǹtí, ohun tí wọ́n máa bá níbẹ̀ kì í ṣe tiyín nìkan."

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ da ọ̀rọ̀ náà nù, wọ́n sì yà sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Èmi náà kò rò ó síwájú sí i.

Ọjọ́ Ajé kan ni ìwọ̀n yẹn wọlé sórí fóònù mi. Mo mọ̀ ọ́n sórí títí dòní, nítorí wọ́n kà á sí mi létí tó ìgbà mẹ́wàá: "Ti Ológbò. Àyà 38. Òfìfo ni apá òsì. Fi fọ́ọ̀mù àti irin wẹ́wẹ́ kún un kó wúwo dáadáa. Kò gbọdọ̀ hàn lábẹ́ aṣọ. Sátidé ló máa wọ̀ ọ́ síwájú èrò. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀."

Irin wẹ́wẹ́ tí à ń wí yìí ni èyí tí a máa ń rán mọ́ etí kọ́tìnnì kó lè balẹ̀. Obìnrin tí dókítà ti gé ọmú rẹ̀ kan kúrò ló nílò rẹ̀. Fọ́ọ̀mù nìkan fúyẹ́ jù, á máa sá gòkè, irin díẹ̀ ló ń mú kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba. Mo ti gé irú rẹ̀ rí. Mo fèsì pé mo ti rí i, mo sì lọ jẹun.

Ní Ọjọ́rú, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, ọkùnrin mẹ́rin wọlé tọ̀ mí wá. Agbófinró ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò wọ aṣọ iṣẹ́. Ọ̀kan gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Wọ́n tú gbogbo àpò mi. Nígbà tí wọ́n kan ike irin wẹ́wẹ́, wọ́n wo ara wọn lójú. Nínú mọ́tò tí wọ́n gbé mi sí ni mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n ní kó dákẹ́.

Wọ́n pín wa sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tèmi kò ní fèrèsé, tábìlì kan àti àga méjì ló wà níbẹ̀, àti fáànù kan tó ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn. Wọ́n ka iṣẹ́ orí fóònù yẹn sí mi létí, wọ́n ní bọ́ǹbù ni à ń rán. Ta ni Ológbò? Mo ní mi ò mọ̀. Ṣé ẹni tí mi ò mọ̀ ni mò ń gé aṣọ fún? Mo ní ìwọ̀n rẹ̀ ni mo mọ̀. Òótọ́ ni mo ń sọ, síbẹ̀ ó dún bí irọ́ létí èmi fúnra mi. Ohun tí mò ń rò kò ju pé bí ẹ̀gbọ́n mi kò bá dárúkọ obìnrin yìí, a ò ní jáde níbẹ̀.

Lẹ́yìn bíi wákàtí méjì, wọ́n mú mi lọ bá a. Ọ̀gá wọn jókòó níwájú rẹ̀, àgbàlagbà tó lo awò ojú, tí ojú rẹ̀ fi hàn pé kì í sùn tó. Mo fẹ́ kórìíra rẹ̀, kò sì rọrùn bí mo ṣe rò. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún un, kò gbà gbọ́. Ló bá ní kí wọ́n kó ẹrù wa wá, a máa rán an níṣojú rẹ̀.

Mo gé aṣọ náà. Ọkùnrin kan dúró tì mí, kò gbójú kúrò lára àlùmọ́gàjí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í da irin wẹ́wẹ́ sáàárín fọ́ọ̀mù, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ rọra sún lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ pa á dé, ó gé òwú rẹ̀ pẹ̀lú eyín, ó gbé e ka orí tábìlì. Ọ̀gá náà gbé e, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n ọ́n. Lójijì ó sọ ọ́ kalẹ̀, ojú tì í.

"Mo gbà yín gbọ́," ó ní. "Ó ku orúkọ rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò lè dárúkọ rẹ̀.

"Ẹ lè rán èyí fún mi, kẹ́ ẹ rán òmíì fún ẹlòmíì. Tí mi ò bá bi yín, tí nǹkan sì bú gbàmù ní Sátidé, ta lẹ máa bú?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi ń ké mọ́ àwọn ọlọ́pàá ní gáréèjì lọ́jọ́ tí wọ́n kó bàtà yẹn lé e lọ́wọ́: ta ló yẹ kó mọ̀, kí ló dé tí wọn ò béèrè? Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó wà ní ìhòòhò nígbà tí mo ṣèlérí fún un," ó ní. "Mi ò lè sọ ọ́."

Ọ̀gá náà wò ó títí, ó dìde, ó jáde, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ojú ń tì mí láti sọ èyí tó kàn. Mo kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé mo ní ọmọ nílé, kó dárúkọ obìnrin náà ká máa lọ. Ó wò mí bó ṣe máa ń wo ojú rírán tó wọ́, ó sì kẹ̀yìn sí mi. Báyìí la jókòó, mo ń ka gbogbo ẹsẹ̀ tó bá kọjá lójú ọ̀nà.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ kí ọ̀gá náà tó padà wọlé. Ó kó fóònù wa fún wa, ó ní ká máa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò dìde, ó béèrè ìdí rẹ̀.

"A ti rí i," ọ̀gá ní. "A wo àwọn tó pè yín lóṣù yìí, a wo ìwé ilé ìwòsàn. Kò sí wàhálà. Àwọn èèyàn mi ti lọ bá a ní ilé ìwé rẹ̀."

Ilé ìwé. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tí Ológbò í ṣe, mo sì rántí ẹsẹ̀ tí kì í dún.

Ẹ̀yìn ìgbà náà la gbọ́ bó ṣe lọ. Ọkùnrin méjì lọ bá Tíṣà, inú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n ti bi í ní ìbéèrè, ilẹ̀kùn ò sì tì. Wọ́n ní kí olùkọ́ obìnrin kan wá wo àyà rẹ̀ kó sì jẹ́rìí. Kí ilé ìwé tó jáde, kò sẹ́ni tí kò gbọ́. Ohun tó fi pa mọ́ fún ọdún kan àtààbọ̀ nìyẹn. Ọjọ́ Sátidé ló yẹ kó dúró síwájú àwọn òbí, kó máa pín ẹ̀bùn fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Kò lọ.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sin òun lọ sílé rẹ̀. Èmi ni mo gbé láílọ́ọ̀nù aṣọ náà. Tíṣà ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Ó wọ búbà kan tó fẹ́lẹ́, apá òsì rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì gbìyànjú láti fọwọ́ bò ó. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbójú sí.

"Tíṣà," ẹ̀gbọ́n mi ní, "mi ò dárúkọ yín. Mo fi gbogbo ohun tí mo ní búra."

"Mo mọ̀, Àǹtí. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ kọ̀." Ó gba láílọ́ọ̀nù náà lọ́wọ́ mi, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó ń fi ìka tẹ irin wẹ́wẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ ò sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ ni."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà, orí fóònù kọ́ ni mo ti ń gba ìwọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi orúnkún yẹn rìn wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nínú oòrùn, nínú òjò, á jókòó tì mí, á sọ ọ́ sí mi létí. Mo ti ní kó jẹ́ kí n máa wá gbà á fúnra mi, kò gbà. Tíṣà kò wá ránṣọ lọ́dọ̀ wa mọ́.