Àdúrà Tó Dí Ẹnu Páìpù

Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe. Obìnrin ni mí, wáyà ò sì bèèrè ìyẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún iná ilé-iṣẹ́ ṣe ní Yopougon, ṣùgbọ́n bí gílóòbù bá jó nílé bàbá mi ní Port-Bouët, ọkùnrin kan ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè láti òde. Bí àlejò bá bi bàbá mi léèrè iṣẹ́ mi, á ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ ní Yopougon," á sì yí ọ̀rọ̀ padà. Ó máa ń dùn mí, n ò ní parọ́.

Nígbà tí àtọ̀gbẹ mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, yàrá rẹ̀ tó wà lókè di ìṣòro. Lọ́jọ́ kan mo bá a níbi tó ti ń fi ìdí wọ́ gun àtẹ̀gùn, àgbà Ṣakí tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ta aṣọ lọ́jà Adjamé. Ó ní kí n yíjú sẹ́yìn. Mo yíjú, mo sunkún, mo sì búra pé kí ààwẹ̀ tó wọlé, bàbá mi á ti máa sùn nísàlẹ̀.

A fa yàrá kan yọ lẹ́yìn ilé. Mo ní èmi ni n ó ṣe iná rẹ̀. Bàbá wò mí títí.

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n n ò fẹ́ rí wáyà kankan lára ògiri mi. Bó bá sì bàjẹ́, màá pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe."

"Bàbá, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló dúró níwájú yín yìí."

Mo tẹ́ páìpù rọ́bà mẹ́ta sílẹ̀, láti ibi àpótí iná ní pálọ̀ títí dé yàrá tuntun. Ọ̀kan fún gílóòbù, ọ̀kan fún fáànù, ọ̀kan fún firíìjì kékeré tí abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ bàbá mi á máa wà nínú rẹ̀. Wọ́n á da kọnkéré lé wọn, bó bá gbẹ tán, a ó wá fa wáyà gba inú wọn. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: wọn ò gbọ́dọ̀ da kọnkéré nígbà tí ẹnu páìpù bá wà ní ṣíṣí.

Lọ́jọ́ Sunday, àwọn ará Ṣakí tí a jọ wà lẹ́yìn odi wá bá wa ṣe ọ̀wẹ̀. Ìyá mi ti gbé atiéké, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, àti ẹja dídín kalẹ̀. Mo ti fi ọ̀rá di ẹnu páìpù méjì, mo ń wá okùn tí n ó fi so ẹ̀kẹta, nígbà tí wọ́n gbé bàbá mi dé lórí àga. Lọ́dọ̀ tiwa, onílé ló ń da abọ́ kọnkéré àkọ́kọ́, pẹ̀lú àdúrà. Ọkùnrin méjì bá a di abọ́ náà mú.

"Bísímílláhi! Yàrá yìí ò ní di yàrá àìsàn!"

"Àmín!"

Abọ́ ti ń tẹ̀ sórí páìpù kẹta. Mo rí i. Mo la ẹnu. Ta ni mí tí n ó já àdúrà gbà lẹ́nu bàbá mi lójú gbogbo ará Ṣakí? Mo pa ẹnu dé, mo ṣe àmín. Gbàgà! Páìpù tẹ̀, ó rì. Kí n tó ráyè kọjá, àwọn ọkùnrin ti da abọ́ mẹ́wàá lé e pẹ̀lú orin. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Èmi náà gbé abọ́, mo ń sọ fún ara mi pé bóyá kọnkéré ò wọ inú páìpù.

Nígbà tó gbẹ, mo ki okùn irin tí a fi ń fa wáyà bọ páìpù. Ó gba inú méjì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Nínú ẹ̀kẹta, ó dúró gbagidi. Mo tì í títí ọwọ́ mi fi bó.

"Tantie," ni bíríkìlà wí, "ẹ jẹ́ kó gba ara ògiri, ó parí, c'est fini."

"Kò ní gba ara ògiri!" Mo jágbe mọ́ ọn, ẹni tí kò ṣẹ̀ mí. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, mo jẹ́wọ́.

"O rí i?"

"Mo rí i, Bàbá."

"O sì dákẹ́?"

"Àdúrà lẹ ń ṣe, Bàbá."

Ojú rẹ̀ korò. "Háà! Ọlọ́run ń sáré lọ síbì kan ni? Kò lè dúró kí o so ọ̀rá mọ́ páìpù?"

Mo ń retí kó ní òun á pe ọkùnrin tí wọ́n máa ń pè láti òde yẹn. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ fọ́ ilẹ̀ náà."

"Lọ fọ́ ọ."

Èmi fúnra mi ni mo fọ́ ọ. Ọjọ́ méjì gbáko, òòlù àti irin, eruku nínú imú, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mi lé ròrò. Mo gé ibi tó dí kúrò, mo so páìpù tuntun mọ́ ọn, mo ki okùn irin bọ̀ ọ́, ó sì yọ lápá kejì. Mo hó yèè bí ọmọdé. Mo so ọ̀rá mọ́ ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Abọ́ kọnkéré kan ṣoṣo ló kù tí a ó fi dí ihò náà. Wọ́n tún gbé bàbá mi dé, díẹ̀ nínú àwọn ará Ṣakí sì wá. Wọ́n gbé abọ́ lé e lọ́wọ́. Gbogbo wọn tẹ́wọ́, wọ́n ń dúró de àdúrà. Bàbá mi ò ṣàdúrà. Ó yíjú sí mi.

"Électricienne," ó fi orúkọ iṣẹ́ mi pè mí sókè, kí gbogbo wọn lè gbọ́, "ṣé kí n dà á?"

Mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo tẹ ẹnu páìpù wò.

"Ẹ dà á, Bàbá."