Àyà Jẹ̀lílì Kan Ilẹ̀

Bí ẹ̀yìn bá ń dun ọkùnrin, kó má lọ fẹ́ ọmọ Bàbá Súbérù. Jẹ̀lílì tó ń ta aṣọ ní Rood Woko, ọjà ńlá kan nílẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso, kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1956 tó lọ tọrọ Ìbíjọkẹ́. Ogún ọdún tó fi ń ru ìdì aṣọ ti mú kí ẹ̀yìn rẹ̀ le bí igi. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹ̀yìn há a lágbedeméjì, ó sì dúró níbẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Bàbá ní ìgbéraga ni. Ó ní ẹni tí àyà rẹ̀ kò bá kan ilẹ̀ kò tíì tọrọ ọmọ òun.

Jẹ̀lílì fẹ́ràn Ìbíjọkẹ́ débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Dókítà ní eré ìdárayá ló máa tú ẹ̀yìn náà. Ó kọ́kọ́ lọ sí pápá tí sójà kan ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n ní kó gun okùn. Ó wo okùn, ó ro ọjọ́ orí rẹ̀, ó gbé bàtà, ó kọrí sílé.

Ìbíjọkẹ́ ló júwe ọgbà Albertine fún un. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni Albertine, bàbá rẹ̀ Faransé, ìyá rẹ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn abiyamọ ló ń kọ́ ní eré ìdárayá lórí ẹní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú mímí kanlẹ̀. Èyí bá Jẹ̀lílì lára mu, àfi ìgbà tí Albertine ní, "Tonton, ẹ kọjú sí mi, kí ẹ da àyà délẹ̀, doucement, ẹ rọra."

"Kí n dọ̀bálẹ̀ fún ọ? Ọmọ tí mo lè bí?"

Albertine rẹ́rìn-ín. "D'accord, ó dáa. Ẹ̀yìn yín ni màá dúró sí."

Ni gbogbo wọn bá kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké: láràárọ̀ ni Jẹ̀lílì ń lọ, bí àwọn obìnrin náà tiẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, olófòófó kan lọ sọ fún Bàbá Súbérù pé Jẹ̀lílì ń bá ìyàwó oníyàwó dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Bàbá gbé ọ̀pá, ó fi ìbínú ti ilẹ̀kùn ọgbà ṣí. Jẹ̀lílì ṣẹ̀ṣẹ̀ da àyà délẹ̀ ni. Ó rí bàtà, ó mọ ẹni tó ni ín. Ó na ara gbọọrọ, títí kan iwájú orí.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá."

Bàbá wo àwọn abiyamọ tí wọ́n nà gbalaja pẹ̀lú rẹ̀. "Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Mò ń kọ́ bí màá ṣe dọ̀bálẹ̀ fún yín ni."

Bàbá rọra fi ọ̀pá ti ògiri.

"Dìde, àna mi."

Jẹ̀lílì ò tètè dìde. Ẹkún ayọ̀ ló ń sun sórí ẹní, kò sì fẹ́ kí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn rí i.