Rahmon tó fẹ́ fi oúnjẹ di ọmọ onílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi Rahmon hàn yín. Ọmọ Ṣakí ni, ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, ẹnu àpò ẹ̀wà ló ń rán ní ọjà Mile 12 l'Ékòó. Ó mọṣẹ́ o, àpò tó bá rán kì í jò. Ká ní ó lè rán ẹnu tirẹ̀ náà ni, ǹ bá má rí nǹkan kan sọ lónìí.

Ọdún 2006, tí ìjọba ń ka èèyàn lójúlé dójúlé, ni Rahmon náà wá ní kí wọ́n ka òun mọ́ ọmọ Àlájì Ọláníyan, onílẹ̀ kan tó ti kú ní Ìkòsì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú opó Àlájì, Àlájà Modinat. Ó ní nígbà tí Àlájì ń fi ọkọ̀ kó iṣu láti Ṣakí ni wọ́n bí òun, ìyá òun ló sọ fún òun kó tó kú. Ẹlẹ́rìí gidi! Bàbá ti kú, ìyá ti kú, Rahmon nìkan ló kù láti jẹ́rìí fún Rahmon.

Ohun tó fẹ́ kò pọ̀: kí wọ́n pè é lọ́mọ, kí wọ́n sì fún un ní yàrá ẹ̀yìnkùlé. Àwọn àgbà ẹbí wo etí rẹ̀, wọ́n wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní àwọn rí Àlájì níbẹ̀, àwọn yòókù ní etí lásán làwọn rí. Ni Mutolib, àkọ́bí Àlájì, bá ní kí wọ́n ṣe DNA.

"Kí nìyẹn?" ni Àlájà bi í.

Kabirat, àbúrò Mutolib, tó ń kọ́ni ní báyọ́lọ́jì, ló dáhùn: "Mọ́mì, wọ́n á fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bọ̀dá Mutolib àti ti Rahmon. Nǹkan kan wà nínú ara tí bàbá ń gbé lé ọmọkùnrin lọ́wọ́ bó ṣe wà. Tí wọ́n bá jẹ́ ọmọ bàbá kan, tiwọn á bára mu."

Ilé àyẹ̀wò ní ó di oṣù mẹ́ta kí àwọn tó ráyè. Àlájà ní kí Rahmon máa sùn sí yàrá ẹ̀yìnkùlé dìgbà náà.

Ibẹ̀ lọgbọ́n Rahmon ti jáde. Ó gbọ́ pé oúnjẹ ló ń di ẹ̀jẹ̀. Ó bá pinnu pé ohun tí Mutolib bá jẹ lòun náà á máa jẹ. Mutolib jẹ ẹ̀wà, Rahmon jẹ ẹ̀wà. Mutolib jẹ iṣu, Rahmon jẹ iṣu, ó tún ha ìkòkò. Kò fẹnu kan oúnjẹ ọjà mọ́, kí ẹ̀jẹ̀ àjèjì má baà wọlé.

Kabirat ká a mọ́dìí ìkòkò.

"Bọ̀dá Rahmon, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń tún ẹ̀jẹ̀ mi ṣe ni, Aunty."

"Ẹ gbọ́ o. Afáralókun niṣu, amáradàgbà lẹ̀wà àtẹja, ọ̀rá ló wà nínú epo. Gbogbo ẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbé mì, ara á tú u bí ẹ ṣe ń tú okùn àpò, á wá fi okùn yẹn rán tiẹ̀. DNA ló ń sọ fún un bó ṣe máa rán an, látinú oyún lẹ sì ti ní in. Oúnjẹ ò lè yí i."

"Tó bá jẹ́ ẹ̀wà ilé yìí nìkan ńkọ́?"

"Ọdún mẹ́rin rèé tí ewúrẹ́ wa ti ń jẹ èèpo iṣu ilé yìí. Ṣé ká kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé ilẹ̀ ni?"

Rahmon rò ó dáadáa. Ó bu ẹ̀wà sí i.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, wọ́n fi òwú nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Nígbà tí èsì dé, Kabirat kà á ní pálọ̀: kò bára mu, wọn kì í ṣe ọmọ bàbá kan.

"Wọ́n tètè nù ún jù," ni Rahmon wí. "Ẹ̀wà àárọ̀ ọjọ́ yẹn ò tíì dà."

Mutolib bú sẹ́rìn-ín. Àfi bí omi ṣe lé sójú Rahmon.

"Aunty, ta wá ni bàbá mi?"

"Ìyẹn ò sí nínú ìwé."

Ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n! Ó mọ ẹni tí kì í ṣe bàbá ẹni, kò mọ ẹni tó jẹ́ ẹ. Mutolib ní kó lọ di ẹrù rẹ̀. Àlájà dá a dúró.

"Ayálégbé ni mo ti ń wá sí yàrá yẹn tẹ́lẹ̀. Rahmon, tó o bá lè san owó ilé, máa gbé ibẹ̀."

Rahmon nu ojú rẹ̀. "Ṣé omi kànga wà nínú owó náà, mà?"

"Omi wà nínú ẹ̀. Oúnjẹ ni kò sí."

Ó ní kò burú, ó sì lọ mú owó oṣù kan wá.