Ọjọ́ tí Yèyé Fọwọ́ Kan Ejò

Mo rántí ìgbà tí mo gbé òjòlá kọ́rùn níwájú àwọn ará Ọ̀tan-Ilé, tí ara ejò náà tutù bí omi àmù, tó sì ń rìn lára mi díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò sùn sí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Òṣogbo nígbà náà. Mo wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tó máa ń ti ìlú dé ìlú láti la àwọn ènìyàn lọ́yẹ̀ nípa ejò, alángbá, ọ̀pọ̀lọ́ àti àwọn ìbátan wọn. Nígbà tí wọ́n ní Ọ̀tan-Ilé ló kàn, èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́ pé n óò sọ̀rọ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá mi, ibẹ̀ náà sì ni Yèyé, ìyá tó bí ìyá mi, ń gbé. Mo fẹ́ kí Yèyé rí bí mo ti gbọ́n tó. Ọmọdé kì í kúkú mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́.

Òwúrọ̀ Sátidé kan lẹ́yìn òjò ni a gbéra. Kùrukùru bo ọ̀nà Ìbòkun débi pé àwọn igi kòkó dà bí ènìyàn tó dúró sínú èéfín. Alágẹmọ tó wà nínú àpótí lórí itan mi ń yí ojú kan síwájú, ó ń yí èkejì sẹ́yìn. Ọ̀fun àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ń lọ sókè sódò nínú ike. Bọ́ọ̀sì wa ń rọra lọ. Àfi bí ẹni pé gbogbo wa la jọ ń lá àlá kan náà.

Gbọ̀ngàn ìlú kún. Bí mo ti gbé òjòlá jáde báyìí, àga iwájú ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá kan tó ti sá dé ẹnu ọ̀nà pariwo pé, "A kì í fi ejò sórí òrùlé sùn, ẹ̀yin wá gbé e kọ́rùn! Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní Òṣogbo nìyẹn?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rù dín kù, wọ́n padà wá jókòó. Mo sọ fún wọn pé òjòlá kò ní oró, pé ọ̀pọ̀lọ́ ń bá àgbẹ̀ jẹ kòkòrò oko, kí a yé da iyọ̀ sí i lára. Ohùn ara mi ń dùn mọ́ mi létí. Mo wá dórí ẹni tí paramọ́lẹ̀ bá bù jẹ. "Ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi okùn dè é pinpin. Ẹ má ṣe jẹ́ kó máa rìn kiri. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá."

Ìgbà náà ni Yèyé dìde láàárín àwọn obìnrin.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "bí a bá ti gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, ṣé ìbá yè?"

Mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń wí. Ìyá kan níwájú ló rọra sọ fún mi pé, "Ọmọkùnrin tí Yèyé bí ṣáájú ìyá rẹ ni. Paramọ́lẹ̀ ló bù ú jẹ lóko. Wọ́n so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ń sín in ní gbẹ́rẹ́ títí ẹ̀mí fi bọ́."

Gbogbo ohun tí mo há sórí fò lọ. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti gbé ẹ̀bi ikú ọmọ ru ìyá ní gbangba. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kí la wá ṣe ní Ọ̀tan-Ilé?

"Yèyé, mi ò mọ̀," ni mo wí. "Ó ṣeé ṣe kó yè. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ nígbà náà lẹ ṣe."

Wọ́n mi orí. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ níwájú, wọ́n ń rọra rìn bí ẹni tó ń la odò kọjá, àwọn ènìyàn sì ń yà fún wọn. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi kan ẹ̀yìn òjòlá náà, wọ́n sì fi ọwọ́ ọ̀hún síbẹ̀ pẹ́.

"Kò mà yọ̀," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Láti ọjọ́ náà wá, mo rò pé ara rẹ̀ á máa yọ̀ ni."

Wọ́n yíjú sí àwọn ènìyàn. "Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń wí o. Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Èmi ti jìn sí i. Ẹ máa gbé ọmọ yín lọ sí ọsibítù."

Àwọn ẹgbẹ́ mi padà sí Òṣogbo lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Èmi dúró ti Yèyé. A jókòó sẹ́yìn ilé, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ọmọ wọn: bó ṣe máa ń súfèé kó tó wọlé, bó ṣe ń gbé ìyá mi sí èjìká lọ sódò, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín láìgbé ohùn jáde, tí èjìká rẹ̀ á kàn máa gbọ̀n. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ léraléra, bí ẹni tó ń tọ́ oúnjẹ tí ó ti gbàgbé adùn rẹ̀ wò. Nígbà tí mo tẹ ìyá mi láago, tí mo dárúkọ náà, wọ́n ní kí n tún un pè. Wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pè é nínú ilé yẹn.

Yèyé ti re ibi àgbà ń rè. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fi ń ṣe fújà lórí pèpéle lọ́jọ́ náà ni mo ti gbàgbé. Àmọ́ mo ní ẹ̀gbọ́n ìyá kan tí mi ò fojú rí rí, bó bá sì ń rẹ́rìn-ín láàárín ẹgbẹ̀rún ènìyàn, n óò dá a mọ̀.