Ẹran tí Bàbá Mi Ń Pè ní Àdùkẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ó ti pẹ́ díẹ̀, ìgbà tí ìjọba ti bọ́dà pa ni. Ṣùgbọ́n oníbàárà mi kan bi mí lánàá pé kí ló dé tí mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá ti gbọ́ Àdùkẹ́. Mo ní kò burú, màá kọ ọ́ síbí kí gbogbo yín jọ kà á.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, onídìrí ni mí ní Ayétòrò. Ìyá Tọ́lá ni gbogbo ayé ń pè mí. Ìlaròó ni wọ́n ti bí mi, ibẹ̀ náà ni bàbá mi ń dá gbé láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ẹ sì mọ irú bàbá bẹ́ẹ̀. Wọn kì í ṣeré, wọn kì í gbọ́mọ lé itan.

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń ṣe fún mi. Kí n tó relé ọkọ, láràárọ̀, kí wọ́n tó bọ́jú rárá, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n á fa ohùn gùn, wọ́n á ní "Àdùkẹ́ o!" Oríkì mi nìyẹn. Bí inú bá tiẹ̀ ń bí mi sí wọn láti àná, tí mo bá ti gbọ́ ọ, mi ò ní mọ ìgbà tí mo máa dáhùn. Ṣé ẹ̀yin náà mọ bí oríkì ṣe ń ṣe ọmọ Yorùbá?

Nígbà tí mo bí Tọ́lá, ó parí. Bàbá mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Tọ́lá bíi ti gbogbo èèyàn. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa náà nìyẹn. Mo gbé e mì, mo dákẹ́.

Òyìnbó kan tó ń ṣe ọ̀nà ló wá gba yàrá iwájú nílé bàbá mi. Ó mú ẹran kan dání láti ìlú wọn. Ẹran náà gùn gbọọrọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ kúkúrú, irun ẹ̀ funfun mọ́ pupa, kò sì sí ihò tí kò lè kó sí. Òyìnbó ní fẹ́rẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará àdúgbò ní àwọn ò mọ fẹ́rẹ́ẹ̀tì, ẹtà òyìnbó ni wọ́n sọ ọ́. Òórùn ẹ̀ ńkọ́? Tó bá gba pálọ̀ kọjá, ẹ̀yin tí ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ á mọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ parí, òyìnbó lọ sílé, ó ní kí Bàbá máa bá òun tọ́jú ẹ̀.

Ọjọ́ tí mo wá kí Bàbá lẹ́yìn ìyẹn, mi ò tíì gbé ìkòkò ọbẹ̀ tí mo gbé wá sílẹ̀ tí mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé: "Àdùkẹ́ o!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dáhùn! Mo ní "Bàbá!" Mo sáré jáde pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, mo ti fẹ́ kúnlẹ̀. Àfi bí ẹran yẹn ṣe gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá fíì, tó gun ẹsẹ̀ bàbá mi títí dé èjìká. Bàbá wá wo èmi, wọ́n ní, "Ìyá Tọ́lá, o ti dé?"

Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin ọmọbìnrin, ká ní ẹ̀yin ni ńkọ́?

Mo jókòó, mo ń wò wọ́n. Bàbá tó sọ fún wa ní kékeré pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á di olè, ẹyin odidi ni wọ́n ń fọ́ sínú àwo fún ẹran! Wọ́n tún ń fi ìka bọ́ ọ lẹ́nu. Mo ní ọ̀rọ̀ olè yẹn ńkọ́? Wọ́n ní ẹran ni, kò mọ olè jíjà. Bẹ́ẹ̀ ó sì ti jí ìbọ̀sẹ̀ wọn kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Owú jẹ mí, mi ò ní fi bò. Orogún ni mo ka ẹran yẹn sí. Tí mo bá pe Bàbá lórí fóònù, ohun tí màá kọ́kọ́ gbọ́ ni pé Àdùkẹ́ ti jẹun, Àdùkẹ́ ń sùn, Àdùkẹ́ ya ìgbẹ́ sínú bàtà ẹni tó wá gbowó iná. Ọkọ mi á máa rẹ́rìn-ín pé ẹran lásán ló ń mú mi jowú. Mo ní kó má bú mi, ta ló gba oríkì tiẹ̀ fún ewúrẹ́ rí?

Bó ṣe wà nìyẹn tí wọ́n fi ti bọ́dà pa. Attachment tí mo fi ń dirun, tí mo ń rà ní Kétu lódìkejì bọ́dà, kò rí ọ̀nà wọlé mọ́. Irun kíkó lásán ni mo ń ṣe, àwọn ọmọge sì ń gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá. Àárín ìṣòro yẹn ni Bàbá pè mí. Ohùn wọn kò dún dáadáa. Wọ́n ní, "Ìyá Tọ́lá, irun Àdùkẹ́ ń já. Ìwọ lo mọ̀ nípa irun."

Mo rẹ́rìn-ín. Àbí kí n ṣe bíi pé mi ò rẹ́rìn-ín ni? Mo ní ẹ̀hẹn, orogún mi ń pá lórí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé Ìlaròó, ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Ìrù ẹ̀ ti pá kanlẹ̀, bíi ti eku. Ẹ̀yìn ẹ̀ títí dé ìbàdí ti bó, awọ ẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó ń họra ṣáá. Ojú ara ẹ̀ wú, ó sì ti rù. Àwọn aládùúgbò ti ní kí wọ́n máa fi àdín pa á, Bàbá ti pa á títí ẹran náà fi ń yọ̀ lọ́wọ́. Ẹnìkan tiẹ̀ ní akọ ló ń wá, pé kí wọ́n wá ọkọ fún un. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí ọkọ fẹ́rẹ́ẹ̀tì ní Ìlaròó?

Àmọ́ ojú bàbá mi ni mo rí. Wọn ò jẹun. Bí ojú wọn ṣe rí nígbà tí ìyá mi wà lórí àìsàn náà ló rí. Mo ní ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ.

Dókítà ẹran tó wà lójú títì yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ní kì í ṣe àrùn awọ rárá, kí Bàbá yéé da àdín nù. Ó ní nǹkan kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíndìnrín tó ń pèsè omi inú ara tí wọ́n ń pè ní họ́mọ́ọ̀nù, pé ti ẹran yìí ti wú, ó sì ń pèsè ju bó ṣe yẹ lọ. Òun ló ń já irun ẹ̀, òun ló jẹ́ kí ojú ara ẹ̀ wú. Ó ní ó sábà máa ń ṣe irú ẹran yìí tí wọ́n bá ti yọ ilé ọmọ ẹ̀ ní kékeré, bí àwọn òyìnbó ṣe máa ń yọ ọ́.

Bàbá béèrè ohun tí a lè ṣe. Dókítà ní wọ́n lè la inú ẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́, ṣùgbọ́n òun ò la irú ẹ̀ rí, òun ò sì ní fi ti Bàbá kọ́ṣẹ́. Èyí tó kù ni oògùn kan tí wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ tì sábẹ́ awọ, láàárín èjìká. Kò ju hóró ìrẹsì kan lọ. Á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, á sì dá omi ara yẹn lẹ́kun fún bí ọdún kan, kí wọ́n tó fi òmíràn sí i. Kò ní mú nǹkan tó wú yẹn kúrò o, àmọ́ ẹran á rí ara gbádùn. Tí a ò bá ṣe é, á máa joro lọ ni.

Dókítà pe gbogbo ibi tó mọ̀, kò sí níbì kankan. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ní Àjàṣẹ́ ló ní ẹyọ kan. Àjàṣẹ́ tó wà lódìkejì bọ́dà!

Ni Bàbá bá yíjú sí mi. Wọ́n ní èmi ni mo sún mọ́ ọ̀nà Ìmẹ̀kọ tó lọ sí bọ́dà, èmi ni mo mọ èèyàn ní Kétu. Ẹ ò rí nǹkan? Attachment tí mo fi ń jẹun kò rí ọ̀nà wọlé, èmi ni kí n wá lọ gbé oògùn orogún mi wọlé. Mi ò lè sọ pé rárá. Bàbá mi ni.

Ìyá Rísí, tí mo ń ra attachment lọ́wọ́ ẹ̀ ní Kétu, ló bá wa gba oògùn náà lọ́wọ́ dírẹ́bà tó ti Àjàṣẹ́ bọ̀. Mo gun ọ̀kadà dé Ìwòyè létí bọ́dà. Ẹ mọ̀ pé àwọn ará Ìwòyè ní oko àti mọ̀lẹ́bí lódìkejì, wọ́n máa ń fẹsẹ̀ rìn kọjá. Ẹrù ni wọn ò fẹ́ rí lọ́wọ́ èèyàn, pàápàá ìrẹsì. Bí mo ṣe dé Kétu, Ìyá Rísí kí mi ní bọ̀nzúù, kíkí Faransé wọn, ó gbé fúláàsì kan fún mi, yìnyín ló wà nínú ẹ̀, páálí kékeré kan wà láàárín. Attachment tèmi wà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n tò ó kan àjà. Mo wò ó, ó wò mí. Mo gbé fúláàsì, mo lọ.

Lójú ọ̀nà, mo jókòó sábẹ́ igi kajú kan kí n sinmi. Èrò kan wá sí mi lọ́kàn. Tí mo bá ní yìnyín ti yọ́, tí mo bá ní ó jábọ́ sínú igbó, ta ló máa mọ̀? Ẹran yìí á kú, oríkì mi á sì di tèmi padà. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Ojú bàbá mi kò kúrò lójú mi. Mo dìde.

Bí mo ṣe padà sí Ìwòyè, aṣọ́bodè kan dá mi dúró. Ó ní ṣé mi ò gbé ìrẹsì. Mo ní mi ò gbé nǹkan kan. Ó ṣí fúláàsì, ó rí páálí, ó bi mí pé oògùn ta ni. Mo ní ti Àdùkẹ́ ni. Ó ní ta ni Àdùkẹ́?

Ẹ gbà mí. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣé kí n ní èmi ni, àbí kí n ní ẹran ni? Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ọmọ bàbá mi ni." Bí mo ṣe sọ ọ́, ẹkún gbà mí lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà rò pé àbúrò mi ló wà lẹ́nu ikú. Ó rọra dé fúláàsì náà fún mi, ó ní kí Ọlọ́run fún un ní ìwòsàn, kí n máa yára lọ.

Lọ́jọ́ kejì, èmi ni dókítà ní kí n di ẹran náà mú, torí Bàbá ní àwọn ò lè wò ó. Mi ò fọwọ́ kàn án rí. Kò wúwo rárá, àyà ẹ̀ sì ń lù kìkìkì lọ́wọ́ mi. Abẹ́rẹ́ yẹn nípọn. Bàbá kọjú sí ògiri, wọ́n ń sọ pé, "Àdùkẹ́, pẹ̀lẹ́. Àdùkẹ́ mi, ó ti fẹ́ tán."

Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́. Mo ní, "Bàbá, àwa méjì la wà níbí. Àdùkẹ́ wo lẹ ń kí?"

Dókítà ti oògùn náà wọlé, ó fa abẹ́rẹ́ yọ, ó wá ṣe bí ẹni tó ń wá òwú ní yàrá kejì. Bàbá yíjú padà. Wọ́n ní ìgbà tí mo bí Tọ́lá, ìyá mi ló ní kò dáa kí àwọn ṣì máa pe ìyàwó ilé onílé bí ọmọdé, pé àwọn àna á ní wọn ò yọ̀ǹda mi. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yẹn mọ́gbọ́n wá, àwọn sì gbà á. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ìyá mi lọ tán, tí ilé dá páropáro, àwọn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹnu àwọn sì la fúnra ẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìwọ ni mo pè. Òun ló dáhùn."

Mo gbé ẹran náà mọ́ àyà, mo ń sunkún. Mi ò tiẹ̀ gbọ́ òórùn ẹ̀ mọ́.

Nígbà tó yá, wíwú yẹn lọ sílẹ̀, irun tuntun sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù láti ìbàdí lọ sí ìrù, ó tiẹ̀ dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí mo lọ wò ó, mo sun ilé Bàbá mọ́jú. Ní àárọ̀, mo gbọ́ ìró ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. "Àdùkẹ́ o!" Mo fò dìde, òun náà ti abẹ́ àga jáde, a jọ sáré gba pálọ̀. Ẹsẹ̀ tèmi gùn ju tiẹ̀ lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí mo ṣe ń gbé e mì ní Ayétòrò ni Bàbá náà ń gbé e mì ní Ìlaròó, ẹran ló wá ń jẹ èrè àwa méjèèjì. Ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Lágbájá àti Bàbá Tàmẹ̀dò, kí ni wọ́n ń pè yín nílé kí ẹ tó bímọ? Ta ló ń pè yín bẹ́ẹ̀ báyìí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí n fi kí yín.