Mo Há Sí Bálùwẹ̀, Ẹ Ní Ewì Ni

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi orí ayélujára, ẹ ò ṣèèyàn rárá!

Láàárọ̀ yìí, èmi nìkan ni mo wà nílé ní Ṣàgámù nígbà tí kọ́kọ́rọ́ kán sínú ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo pariwo títí, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Owó ìpè ti tán lórí fóònù mi, dátà nìkan ló kù. Ni mo bá kọ ọ́ síbí:

"Ilẹ̀kùn ti há. Mo kàn án títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ta ló lè ṣí i fún mi?"

Bùkọ́lá, ọ̀rẹ́ mi, fèsì pé: "Ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀! Gbogbo wa la wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Mo ní: "Bùkọ́lá, bálùwẹ̀ ni mo wà! Òógùn ti bò mí!"

Ó ní: "Ìlà yìí tún dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ."

Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Ẹ̀rù ti ń bà mí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìrolú, tó rí ohun tí mo kọ, ló pè mí. "Ìwọ ọmọ yìí, ilẹ̀kùn wo ló há?"

"Ti bálùwẹ̀ ni, mà. Ẹ gbà mí!"

Wọ́n gun ọ̀kadà dé, àwọn àti káfíńtà. Bí wọ́n ṣe já ilẹ̀kùn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé o ò lè kọ̀wé bí èèyàn ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi pé ó wọ̀ yín lákínyẹmí ara, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wọ̀ yín gan-an?