Ṣáláńgá Àwọn Òmìrán

Bíríkìlà tí ilé rẹ̀ kángun sí tèmi kì í ṣe ọ̀lẹ, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ilé tó ti kọ́ fún ẹlòmíràn pọ̀ ju irun orí rẹ̀ lọ, òótọ́ ni pé orí ọ̀hún ti pá. Tirẹ̀ nìkan ni kò ní ṣáláńgá. Tèmi ni òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ ń lò, láràárọ̀ ni wọ́n sì ń tò sẹ́nu ọ̀nà mi bí ẹni tó fẹ́ dìbò.

Nígbà tó wá ń gbẹ́ ti ara rẹ̀, inú mi dùn dẹ́yìn. Àfi bí ṣọ́bìrì ṣe kan egungun ńlá kan nísàlẹ̀ kòtò.

Ó ti pẹ́ tí bàbá yìí ti ń gbọ́ lórí fóònù pé òmìrán ló kọ́kọ́ gbé ayé, pé àwọn ọ̀mọ̀wé ló ń kó egungun wọn pamọ́. Ó fa tépù yọ, ó wọn orí egungun náà, ó wọn orúnkún ara rẹ̀: ìlọ́po méjì. Ló bá ní ẹni tó ni ín ga tó ilé alájà kan. Kò bi ara rẹ̀ bóyá ẹsẹ̀ méjì ni onítọ̀hún fi ń rìn tàbí mẹ́rin. Ó fi okùn yí kòtò ká, ó ní a ò gbọdọ̀ ṣu lé àwọn baba ńlá wa lórí. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ; ọkọ ní kó ní sùúrù, òun ti ránṣẹ́ pe yunifásítì kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i.

Olùkọ́ kan wá láti yunifásítì lóòótọ́, obìnrin tó jẹ́ pé nǹkan àtijọ́ ló ń hú nílẹ̀ kiri. Kò tíì lóṣòó tán tó fi ní egungun màálù ni, àpá ọ̀bẹ alápatà ṣì wà lára ẹ̀.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bíríkìlà ò tiẹ̀ mira. Ó ní kò burú, ẹran tí òmìrán jẹ kù nìyẹn, kí olùkọ́ máa gbẹ́ lọ, ẹni tó jẹ ẹ́ ò ní jìnnà.

Inú bí mi débi pé mo ti lanu. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣáájú mi. Obìnrin yìí kì í pariwo, kò sì pariwo lọ́jọ́ náà.

"Bàbá àwọn ọmọ, mi ò mọ ibi tí èèyàn ti wá o. Ibi tí mò ń gbé kẹ́tùlù lọ láràárọ̀ ni mo mọ̀. Ojú ń tì mí."

Olùkọ́ ń wo bàtà ara rẹ̀. Àánú obìnrin náà ṣe mí gan-an.

Bàbá tú okùn, ó po sìmẹ́ńtì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ògiri ṣáláńgá ti ga dé ìbàdí. Kò gbà pé kò sí òmìrán o. Ó ní òun kàn ń kọ́ ibi tí òun máa gbé ẹ̀rí náà pamọ́ sí ni, níbi tí ọ̀mọ̀wé kankan ò ti ní fọwọ́ kàn án láéláé.